Ṣájà Tó Ń Lọ́ra

Bí ẹ bá dé Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ tí ẹ ń wá èmi Àmọ̀kẹ́ aránṣọ, ilé Bàbá Ràódàt ni kí ẹ béèrè. Ṣọ́ọ̀bù mi kọjú sí géètì wọn gan-an. Bí Bàbá bá wúkọ́ nínú yàrá, èmi ni mo máa kọ́kọ́ sọ pé ẹ pẹ̀lẹ́. Àwọn kan ládùúgbò ní atojúbọ̀ ni mí. Kí ni wọ́n fẹ́ kí n ṣe? Ṣé kí n fi aṣọ dijú ni? Ẹni tó jókòó sídìí máṣíìnì láti àárọ̀ gbọ́dọ̀ máa wo ìta, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ọrùn á gan.

Múrítàlá lorúkọ Bàbá. Tírélà ni wọ́n wà títí wọ́n fi darúgbó. Ẹ sọ Kánò, ẹ sọ Sókótó, ẹ sọ Màídúgùrì, wọ́n ti gbé ẹrù débẹ̀. Ìgbà mìíràn wà tí oṣù á wọlé tí oṣù á tún jáde, tí ìyàwó wọn Marufat àti Ràódàt, ọmọ kan ṣoṣo tí Ọlọ́run fún wọn, kò ní fojú kàn wọ́n. Tí tírélà bá ti fọn fèrè ní oríta báyìí, gbogbo wa á mọ̀ pé onílé dé, Ràódàt á sì ti já síta láìwọ bàtà. Nígbà tó yá, Bàbá fẹ̀yìn tì. Wọ́n ní ó tó gẹ́ẹ́, àwọn fẹ́ wá jókòó ti ìyàwó àwọn. Kò pẹ́ tí wọ́n jókòó tì í tí ẹ̀jẹ̀ ríru fi mú Marufat lọ. Ọ̀rẹ́ mi ni. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí, ó ṣì ń dùn mí.

Láti ìgbà náà, Bàbá nìkan ló kù nínú ilé ńlá yẹn. Wọ́n á gbé àga sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n á máa gbọ́ ohùn mọ́tò. Kò sí mọ́tò tó ń gba àdúgbò wa kọjá tí wọn kò dá mọ̀ láìwò ó. "Máíkírà Jàmíù nìyẹn, púlọ́ọ̀gì rẹ̀ kan ti kú." "Ẹni tó ń lọ yìí ò yí ọ́ìlì rẹ̀ o." Wọ́n á sọ ọ́ jáde ketekete, kò sì sẹ́ni tí wọ́n ń bá sọ ọ́. Tí mo bá ti gbọ́, èmi á dáhùn láti ìdí máṣíìnì mi pé, "Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá!" Kí ni mo mọ̀ nípa púlọ́ọ̀gì? Mo kàn ń dáhùn kí ọ̀rọ̀ náà má baà já sílẹ̀ lásán ni. Ìrẹsì tí wọ́n ń sè náà, gbogbo ìgbà ló máa ń pọ̀ jù, nítorí pé ọ̀dọ̀ Marufat ni wọ́n ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń wọ̀n ọ́n, Marufat kò sì sè fún ẹnì kan ṣoṣo rí. Wọ́n á ní, "Àmọ̀kẹ́, gbé abọ́ wá." Èmi náà tí mò ń dá gbé, màá gbé abọ́ lọ.

Ràódàt ń ṣe tíṣà ní Ògbómọ̀ṣọ́, ibẹ̀ náà ló lọ́kọ sí. Ṣé Ògbómọ̀ṣọ́ wá jìnnà sí Ọ̀yọ́ ni? Nígbà tí ìyá rẹ̀ wà láyé, kì í pẹ́ kí n tó tún rí i. Á fọn fèrè lẹ́nu géètì, Marufat á sáré jáde tòun ti ìró tó so mọ́ àyà, á ṣí géètì sílẹ̀ gbayawu, á dúró sápá ọ̀tún nínú ọgbà, á sì máa juwọ́. "Máa bọ̀, máa bọ̀! Rọra! Fi sọ́wọ́ òsì díẹ̀! Ó tó!" Ẹ̀rín á máa pa mí ní òdìkejì. Marufat tí kò fọwọ́ kan sítíárìn rí láyé rẹ̀! Mo máa ń ní, "Ìyàwó dírẹ́bà, lọ gba láísẹ́ǹsì." Ràódàt mọ mọ́tò wà dáadáa o, ṣùgbọ́n kò ní wọlé àfi tí ìyá rẹ̀ bá juwọ́ sí i.

Nígbà tí Marufat kú, àwọn ẹbí kan ní ká gbé e lọ sí itẹ́ òkú àwọn Mùsùlùmí. Bàbá kọ̀ jálẹ̀. "Ojú títì ni mo ti lo gbogbo ayé mi," ni wọ́n wí. "Mi ò tún ní jẹ́ kó jìnnà sí mi." Ṣebí inú ilé la ti ń sin èèyàn wa láti ayé àwọn bàbá wa, kò sẹ́ni tó bá wọn jiyàn títí. Iwájú ilé ni wọ́n gbẹ́ sàréè rẹ̀ sí, lápá ọ̀tún, níbi tí ilẹ̀ ti tẹ́jú. Wọ́n fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ẹ pẹlẹbẹ. Tí Bàbá bá ti kírun àárọ̀ tán, ibẹ̀ ni wọ́n máa ń lọ jókòó sí.

Ràódàt wá sí àdúrà ọjọ́ kẹjọ, ó wá sí ti ogójì ọjọ́, láti ìgbà náà kò sùn sílé bàbá rẹ̀ mọ́. Lọ́jọ́ ogójì yẹn, mo rí i tó yí mọ́tò wọ inú géètì, tó tún fẹ̀yìn rìn jáde, tó lọ gbé e kalẹ̀ sójú títì. Mo rò pé àyè ló há. Ó ń pè lórí fóònù o, kì í fo Jímọ̀ kan. Ó ń di oúnjẹ fún ọkọ rẹ̀ kó gbé e wá. Ṣùgbọ́n òun alára, rárá. Tẹ́lẹ̀, epo ló wọ́n. Lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀nà ló bàjẹ́. Ìgbà tó yá ni òun àti ọkọ rẹ̀ ra mọ́tò oníná, irú èyí tí kì í mu epo rárá, tó jẹ́ pé wáyà ni wọ́n máa ń kì bọ̀ ọ́ lára bíi fóònù. Inú wa dùn! Mo ní àwáwí tán. Bàbá gbé fóònù sí sípíkà kí èmi náà lè gbọ́.

"Bàbá, ó wù mí kí n wá o," ni Ràódàt wí. "Bátìrì ni. Tí n bá dé ọ̀dọ̀ yín, kò síbi tí mo ti fẹ́ ṣáájì ẹ̀. Mi ò fẹ́ há sójú ọ̀nà."

"Ṣé ìyẹn nìkan ni?"

"Ìyẹn nìkan ni, Bàbá."

"Tí mo bá ra ṣájà sílé, ṣé wàá wá sùn?"

"Màá wá, Bàbá."

Ẹ wá wo Bàbá! Wọ́n dìde, wọ́n jókòó, wọ́n tún dìde. Kí ilẹ̀ tó ṣú wọ́n ti fọ fìlà, wọ́n ti sá a sórí okùn. Wọ́n ti júwe ọmọ kan fún wọn ní mọ́sálásí, tó ń ta sólà àti ṣájà mọ́tò ní Takie, l'Ógbómọ̀ṣọ́. Wọ́n ní kí n sin àwọn lọ nítorí òyìnbó tó máa wà lára páálí. Mo ní kò burú, mo kúkú fẹ́ ra síìpù. Irọ́ ni, síìpù kún ṣọ́ọ̀bù mi. Mi ò fẹ́ kí wọ́n dá lọ ni.

Shamsudeen lorúkọ ọmọ náà. Ó kí Bàbá dáadáa, ó fi àga lọ̀ wọ́n, ó sì gbé páálí méjì síwájú wa. Ṣájà inú ìkíní kéré. Orí wáyà rẹ̀ kan á wọ sọ́kẹ́ẹ̀tì ara ògiri, orí kejì á wọ ara mọ́tò, ó parí. Èkejì ńlá, ara ògiri ni wọ́n máa kàn án mọ́, wáyà tó nípọn sì gbọ́dọ̀ ti ìdí mítà wá bá a.

"Bàbá, ńlá yìí ni kí ẹ mú," ni Shamsudeen wí. "Ó yára. Kí ẹ tó jẹun kí ẹ tó gbádùn, mọ́tò ti ń kún. Kékeré yìí ń lọ́ra jù. Tí bátìrì bá ti gbẹ, tí ẹ bá kì í nírọ̀lẹ́, ilẹ̀ á mọ́ bá a lẹ́nu ẹ̀ ni."

Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í bi í léèrè bí awakọ̀ ṣe máa ń béèrè. Ṣé òjò ò ní ṣe é ní nǹkan? Ṣé wáyà rẹ̀ kì í gbóná? Ṣé kò ní gbé èèyàn? Shamsudeen ní kò léwu, kí wọ́n ṣáà ní sọ́kẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ lọ́tọ̀, kí wọ́n sì gbá irin mọ́lẹ̀ fún un kí iná má baà gbé ẹnikẹ́ni. Lẹ́yìn náà ló béèrè irú mọ́tò tó jẹ́. Bàbá yọ fóònù jáde, wọ́n fi fọ́tò tí Ràódàt fi ránṣẹ́ hàn án. Ọmọ wọn dúró ti mọ́tò funfun báyìí, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Mọ́tò yìí? Níbo ló ti ń bọ̀?"

"Ògbómọ̀ṣọ́ níbí. Ọ̀yọ́ ló ń bọ̀ wá bá mi."

Shamsudeen rẹ́rìn-ín. Mi ò bá a wí, kò mọ nǹkan tó fẹ́ bà jẹ́. "Bàbá, ẹ má wulẹ̀ ra nǹkan kan. Tí mọ́tò yìí bá kún látilé, á lọ Ọ̀yọ́, á bọ̀, á tún lọ, á tún bọ̀, bátìrì á ṣì kù. Kò nílò kó ṣáájì lọ́dọ̀ yín rárá."

"Ó parọ́!" Mo ti dìde dúró. "Ràódàt ń parọ́ fún bàbá tó bí i lọ́mọ! Ẹ gbé fóònù yẹn wá. Ẹ jẹ́ n pè é nísinsìnyí, ẹ jẹ́ n bi í bóyá orí rẹ̀ pé!"

"Àmọ̀kẹ́, jókòó."

Wọn kò gbóhùn sókè, ṣùgbọ́n mo jókòó. Irú ojú tí wọ́n fi jáde ní ọsibítù lọ́jọ́ tí Marufat kú ni mo tún rí níwájú mi. Bàbá rọra ti fóònù bọ àpò. Wọ́n wo páálí méjèèjì títí, mo rò pé a ti fẹ́ máa lọ.

"Ọmọ mi," ni wọ́n wí, "èyí tó yára yìí, tí mọ́tò bá ti kún, ẹni tó ni ín á lọ nìyẹn, àbí?"

"Á lọ nìyẹn, Bàbá."

"Èyí tó ń lọ́ra ńkọ́?"

"Àfi kó sùn o. Ká má tíì wá sọ ti iná. Tí wọ́n bá múná lọ, ó lè di ọjọ́ kejì."

Bàbá rẹ́rìn-ín músẹ́. Láyé mi, mi ò tíì rí ẹni tí inú rẹ̀ dùn pé wọ́n lè múná lọ. "Èyí tó ń lọ́ra ni kí o dì fún mi."

"Bàbá, mo ní mọ́tò náà ò nílò..."

"Mo gbọ́ ọ, ọmọ mi. Bá mi dì í."

A jáde. Láti Takie dé ilé Ràódàt, ọ̀kadà á gbé yín débẹ̀ kí ẹ tó ṣẹ́jú. Mo ní ẹ jẹ́ ká yà níbẹ̀, kó fojú kàn mí, kó tún irọ́ náà pa. Bàbá mi orí. "Tí mo bá lọ síbẹ̀, àlejò ni mí. Wọ́n á fún mi lómi, wọ́n á fún mi lóúnjẹ, tó bá di ìrọ̀lẹ́ mo gbọ́dọ̀ dìde. Ilé ni mo fẹ́ kó wá." Nínú máíkírà tó gbé wa padà, wọ́n gbé páálí náà lé itan bí ìgbà téèyàn gbé ọmọ. Jíà mọ́tò náà ń ké lójú ọ̀nà gbogbo, Bàbá kò sọ nǹkan kan sí i. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé ó dùn wọ́n gan-an.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, Adéṣínà tó máa ń ṣe wáyà iná ládùúgbò wa dé. Èmi pẹ̀lú wà lẹ́nu géètì, mo fẹ́ rí bó ṣe máa ṣe é. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. "Bàbá, mítà yín wà níwájú, ògiri iwájú náà ni ká fi sọ́kẹ́ẹ̀tì sí. Ẹ wò ó, mọ́tò á gba géètì wọlé báyìí, á wá dúró síbí." Ó la apá méjèèjì láti júwe rẹ̀. Ó wo ilẹ̀, ó bẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Áà, ẹ má bínú, Bàbá! Orí Màmá ni mo dúró sí."

Bàbá ń wo ibi tó ti bẹ́ kúrò. "Àmọ̀kẹ́," ni wọ́n wí, "níbo ni Marufat máa ń dúró sí tó bá ń darí ọmọ yẹn wọlé?"

Mo nawọ́ sí i. Ibẹ̀ náà ni. Máa bọ̀, máa bọ̀, ó tó. Kò sí bí Ràódàt ṣe fẹ́ wa mọ́tò wọ inú géètì yẹn kí táyà rẹ̀ má kọjú sí ìyá rẹ̀. Lọ́jọ́ ogójì yẹn, àyè kọ́ ló há. Gbogbo èébú tí mo ti tò sílẹ̀ dè é kú sí mi lẹ́nu, omi sì bọ́ lójú mi níwájú Adéṣínà.

"Èmi ni mo tẹ́ ẹ síbẹ̀," ni Bàbá wí. "Mo ní kó má jìnnà sí mi. Mi ò ro tọmọ. Mi ò sì lè hú u."

Adéṣínà kò mọ ibi tó máa wò. Ó ní ṣé kí òun padà wá lọ́jọ́ mìíràn ni.

"Rárá. Fa wáyà gba ẹ̀gbẹ́ ilé lọ sẹ́yìnkùlé."

"Bàbá, mọ́tò ò lè débẹ̀. Ògiri ni."

"A ó wó ògiri."

Ẹ̀yìnkùlé yẹn, ilé ewúrẹ́ Marufat ló wà níbẹ̀, ògiri ọgbà wà lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀nà tóóró kan sì gba ẹ̀yìn ògiri náà kọjá. Wọ́n tú ilé ewúrẹ́. Wọ́n wó ògiri débi tí mọ́tò á gbà, wọ́n sì gbé géètì sí i. Bàbá alára ń kó búlọ́ọ̀kù, mo ní kí wọ́n sinmi, wọ́n tún gbé òmíràn, ni èmi náà bá so ìró mi le, mo bá wọn kó o. Àwọn aládùúgbò ń béèrè pé kí ni bàbá àgbàlagbà tí kò ní mọ́tò fẹ́ fi géètì kejì ṣe. Mo ní kí wọ́n lọ béèrè lọ́wọ́ ewúrẹ́.

Nígbà tí Jímọ̀ dé, Ràódàt pè. Bàbá tún gbé e sí sípíkà. "Mo ti ra ṣájà," ni wọ́n wí fún un. "Ẹ̀yìnkùlé ni mo fi í sí. Mo ti ṣí ọ̀nà síbẹ̀. O ò ní gba iwájú."

Fóònù pa lọ́lọ́, mo rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló lọ. Ìgbà tó yá la gbọ́ ẹkún. Kò sọ pé òun parọ́, Bàbá kò sì sọ pé àwọn mọ̀. "Mò ń bọ̀ lọ́la, Bàbá," ló wí.

Lọ́jọ́ kejì, bí Bàbá ṣe kírun ọ̀sán tán ni wọ́n lọ dúró sẹ́nu géètì tuntun. Ẹ̀rù ń bà wọ́n. "Àmọ̀kẹ́, wọ́n ní mọ́tò yìí kì í dún. Báwo ni màá ṣe mọ̀ pé ó dé?" Bàbá tí etí wọn mọ gbogbo púlọ́ọ̀gì Ọ̀yọ́! Mo ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀, èmi á bá wọn ṣọ́nà. Lóòótọ́, kò dún. A kàn rí nǹkan funfun lójú ọ̀nà tóóró ni, ó sì dúró lẹ́nu géètì. Ràódàt di sítíárìn mú, ó ń wo inú ọgbà, kò wọlé, kò sì sọ̀ kalẹ̀. Mo ní ó tún ti fẹ́ padà.

Bàbá bọ́ sí inú ọgbà. Wọ́n dúró sápá ọ̀tún, wọ́n gbé ọwọ́ sókè. "Máa bọ̀," ni wọ́n wí. "Máa bọ̀. Rọra. Fi sọ́wọ́ òsì díẹ̀."

Mọ́tò náà rọra ń wọlé. Mo rí ojú Ràódàt nínú gíláàsì, omijé ti bò ó, ṣùgbọ́n kò mú ojú kúrò lára ọwọ́ bàbá rẹ̀.

"Ó tó," ni Bàbá wí.

Wọ́n jọ ki ṣájà náà bọ mọ́tò lára, iná kékeré aláwọ̀ ewé tó wà lójú rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú. Adéṣínà ti sọ fún wa pé tó bá ń ṣẹ́jú, iná ń wọlé. Tó bá dúró sójú kan, mọ́tò ti kún. Mo fi wọ́n sílẹ̀ níbẹ̀. Lẹ́yìn ìrun ìrọ̀lẹ́ ni mo gbé móínmóín lọ fún wọn. Bàbá àti ọmọ jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà. Mo wo ojú ṣájà. Iná aláwọ̀ ewé yẹn ti dúró gbagidi, kò ṣẹ́jú mọ́. Mo ti lanu láti sọ ọ́ nígbà tí Bàbá ṣíwájú mi.

"Ó ṣì ń wọlé," ni wọ́n wí.

Ràódàt gbójú sókè, ó wo iná náà dáadáa. "Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Á di àárọ̀."

Ẹni tó bá mọ̀ mí á mọ̀ pé kò rọrùn fún mi láti pa ẹnu dé. Mo pa á dé. Mo gbé móínmóín sílẹ̀, mo ní ó dàárọ̀ o, mo sì padà sílé tèmi.

Nígbà tí mo ṣí ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ kejì, oòrùn ti là dáadáa. Géètì iwájú wà ní ṣíṣí. Ràódàt jókòó lórí àpótí ìyá rẹ̀, nítòsí sìmẹ́ǹtì yẹn, láìwọ bàtà, ó ń ṣa ẹ̀wà. Inú ilé ló gbà débẹ̀, láti ẹ̀yìn wá sí iwájú. Kò sẹ́ni tó mú un wá.

"Ràódàt, o ò tíì lọ?"

"Kò tíì kún, Àǹtí Àmọ̀kẹ́," ló wí. Iná ti lọ láti ìdájí, gbogbo àdúgbò ló mọ̀. Mo ní kò burú, kò sẹ́ni tó ń lé ọ.

Mo jókòó sídìí máṣíìnì. Mọ́tò kan kọjá, tó ń dún pàpàpà. Ohùn Bàbá jáde láti ọ̀dẹ̀dẹ̀. "Máíkírà Jàmíù nìyẹn. Kò tíì pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì yẹn!"

Mo gbé orí sókè, mo lanu láti dáhùn. Ràódàt ti dáhùn.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

Inú mi dùn. Ó sì ṣe mí bákan. Mo ki òwú bọ abẹ́rẹ́, mo bá iṣẹ́ mi lọ.